Ilẹ̀ gbágungbàgun kò fẹ́ kóìlì ńlá

Tẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ awárin lágbègbè ibi tí wúrà wà ní Victoria, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ẹ máa rí kóìlì oríṣiríṣi: èyí tó kéré bí àwo ọbẹ̀, èyí tó tóbi bí ọpọ́n tí wọ́n fi ń gbé ẹja kiri. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń nawọ́ sí èyí tó tóbi jù. Ó jọ ọgbọ́n lójú rẹ̀: bó bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa gbọ́ ohun tó jìn tó, bó bá sì ṣe gbọ́ ohun tó jìn tó, bẹ́ẹ̀ ni wúrà ṣe máa pọ̀ tó. Èrò tèmi ni pé ìṣirò yẹn ò pé. Lórí ilẹ̀ gbágungbàgun, ìyẹn ilẹ̀ tó kún fún òkúta, gbòǹgbò, kòtò àti ipa àgbàrá, kóìlì kékeré ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ní, ẹ sì lè má nílò òmíràn fún ọdún méjì mẹ́ta.

Kí n tó tẹ̀ síwájú: nínú ọ̀rọ̀ tòní, mò ń pe bàbà, òjé, fàdákà àti wúrà fúnra rẹ̀ ní "irin" pọ̀ mọ́ irin gan-an, torí ẹ̀rọ ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Tí alágbẹ̀dẹ wúrà kan bá fẹ́ bá mi jà lórí ìyẹn, kò burú.

Wáyà tí wọ́n ká róbótó sínú ike pẹlẹbẹ ni kóìlì. Iná ń gba inú wáyà náà, ó sì ń mú kí agbára òòfà wọnú ilẹ̀ lọ. Tí agbára òòfà yìí bá ń yí padà, ó máa ń mú kí iná kékeré máa pòòyì nínú irin tó bá pàdé. Michael Faraday ló fi ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí hàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1831. Iná kékeré tó ń pòòyì nínú wúrà á wá ní agbára òòfà tirẹ̀, kóìlì á gbọ́ ọ, ẹ̀rọ á sì dún sí yín létí. Gbogbo idán tó wà níbẹ̀ ò ju ìyẹn lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé gbogbo ohun tó wà ní sàkáání kóìlì ni kóìlì ń gbọ́, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá nìkan. Nígbà tí wọ́n yìnbọn fún Ààrẹ Garfield ní Amẹ́ríkà ní 1881, Alexander Graham Bell, ẹni tẹlifóònù, gbé irú ẹ̀rọ yìí wá láti fi wá ọta tó wà lára ààrẹ náà. Kò rí i. Irin tó wà nínú bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ ẹ sí wà lára ohun tí wọ́n ní ó da ẹ̀rọ rú. Ẹ má gbàgbé bẹ́ẹ̀dì yẹn, torí yangí ni bẹ́ẹ̀dì tiwa.

Ó dáa, ó kan ìṣirò. Ẹ má sá o, ó kéré. Ẹ jẹ́ ká mú kóìlì méjì tó rí róbótó, ọ̀kan fẹ̀ tó ínṣì 8, èkejì ínṣì 17. Ká ní iye iná tó ń gba inú wọn dọ́gba, iye ìgbà tí wọ́n ká wáyà sì dọ́gba. Ká wá fi wóró wúrà kan sí abẹ́ àárín wọn gan-an, ní sẹ̀ǹtímítà 5. Ohùn tí kóìlì ínṣì 8 máa gbọ́ padà máa lágbára ju ti ínṣì 17 lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 2.8. Kóìlì ńlá ń fọ́n agbára tirẹ̀ káàkiri, kékeré ń kó tirẹ̀ jọ sójú kan, bí omi tó ń jáde látẹnu rọ́bà téèyàn fi àtàǹpàkò dí díẹ̀.

Tá a bá gbé wúrà náà lọ sí sẹ̀ǹtímítà 30, ọ̀rọ̀ á yí padà pátápátá. Níbẹ̀, kóìlì ńlá á gbọ́ ọ ju kékeré lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 8. Ibi tí àwọn tó fẹ́ràn kóìlì ńlá máa ń dúró sí nìyẹn, òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ. Àmọ́ irú wúrà wo ló máa wà ní sẹ̀ǹtímítà 30 tí ẹ̀rọ á gbọ́? Tí nǹkan bá ti jìn sí kóìlì dáadáa, tẹ́ ẹ bá tún fi jíjìn náà ṣe ìlọ́po méjì, ohùn tó ń padà wá á di ìdá kan péré nínú 64. Wóró wúrà tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, kò sí kóìlì tó máa gbọ́ ọ níbẹ̀, ìbáà fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Wóró ńláńlá nìkan ni jíjìn yẹn wúlò fún, wọn ò sì pọ̀.

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn kì í béèrè ló wá ṣe pàtàkì jù: báwo ni kóìlì náà ṣe máa sún mọ́ ilẹ̀ tó? Lórí pápá bọ́ọ̀lù, kóìlì ínṣì 17 á máa fara kan koríko lọ wẹ́rẹ́. Nínú igbó Moliagul tàbí Wedderburn, òkúta wà lọ́tùn-ún, gbòǹgbò wà lósì, igi tó ti wó dùbúlẹ̀ níwájú. Kóìlì ńlá á gun orí òkúta, á wá ga tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí ilẹ̀. Kóìlì ínṣì 8 á wọ àárín òkúta méjì lọ, á sì kan erùpẹ̀. Wúrà tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 5 ti di ti sẹ̀ǹtímítà 15 fún kóìlì ńlá nìyẹn. Ẹ tún ìṣirò náà ṣe: ohùn tí kékeré máa gbọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 8 ti ńlá. Gbogbo owó tẹ́ ẹ san torí jíjìn, òkúta ti gbà á lọ́wọ́ yín.

Ìṣirò orí ìwé ni o. Ẹ̀rọ gidi ní ọgbọ́n inú tirẹ̀, àwọn tó ṣe é sì lè fún kóìlì ńlá ní wáyà tó yàtọ̀. Síbẹ̀ apá ibi tí ìṣirò náà kọjú sí ò ní yí padà, torí òkúta kì í gbọ́ ìpolówó ọjà.

Yangí wá ń kọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nílé mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sókè òkun, ẹ bi àwọn òbí yín: yangí ni òkúta pupa onírin, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ìpẹtà, tí wọ́n máa ń dà sójú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà. Ilẹ̀ wúrà Victoria kún fún òkúta onírin tó jọ ọ́, pẹ̀lú òkúta funfun kwátísì láàárín rẹ̀. Irin inú òkúta yìí ń dá ẹ̀rọ lóhùn. Bí kóìlì bá ṣe tóbi tó ni ilẹ̀ tó ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣe ń pọ̀ tó, tí ariwo náà ń pọ̀ sí i. Ẹ fojú inú wo ìyá tó ń wá ohùn ọmọ rẹ̀ nínú Ọjà Ọba lọ́jọ́ ọjà: kì í ṣe etí tó fẹ̀ ló nílò, bí kò ṣe kó sún mọ́ ibi tọ́mọ wà. Àwọn òkúta kan tiẹ̀ wà tó máa purọ́ fún ẹ̀rọ pátápátá, tó máa dún bí ìgbà tí wúrà bá dún. Pẹ̀lú kóìlì kékeré, ẹ tètè máa mọ òkúta tó ń purọ́, ẹ ó fẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn, ohùn á bá a lọ, ó parí. Pẹ̀lú ńlá, ẹ lè gbẹ́lẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé òkúta ni.

Orí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló fà á tí irú ẹ̀rọ fi ṣe pàtàkì kẹ́ ẹ tó dé orí kóìlì rárá. Àwọn kan ń rán ìgbì lọ láìdáwọ́ dúró, àwọn tí wọ́n ń pè ní VLF. Fisher Gold Bug 2, tó ń lo 71 kHz, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Etí rẹ̀ mú fún wúrà kékeré gan-an, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n, àmọ́ ilẹ̀ onírin máa ń dà á láàmú. Àwọn kejì ń rán ìgbì gìrì, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á wá tẹ́tí sílẹ̀ sí ohun tó kù. Pulse induction ni wọ́n ń pè é, òun ló sì bá Victoria mu jù. Minelab, tó wà ní Adelaide, ló ń ṣe èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbé kiri níbẹ̀. SDC 2300 tiwọn ní kóìlì ínṣì 8 kan ṣoṣo, ẹ ò lè yọ ọ́ fi òmíràn sí i. Àwọn kan ń bú u torí ìyẹn. Èmi rò pé oore ni wọ́n ṣe ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n lò: ó gba ìdánwò kúrò níwájú rẹ̀. GPX 6000, tó jáde ní 2021, ní èyí tó ṣeé pààrọ̀: róbótó ínṣì 11, Double-D ínṣì 14, àti ínṣì 17 tó rí bí ẹyin. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ínṣì 11 ni màá fi sí i, màá sì fi àwọn yòókù sílé.

Mo dárúkọ Double-D. Ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ kíá. Kóìlì mónò ní ìká wáyà kan tó ń sọ̀rọ̀ tó sì tún ń gbọ́, agbára rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀ bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo. Double-D ní ìká méjì tó gun ara wọn díẹ̀ láàárín, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan ń gbọ́. Ó máa ń dákẹ́ lórí ilẹ̀ tó le gan-an àti nítòsí wáyà iná NEPA tiwọn, ṣùgbọ́n ó máa ń pàdánù díẹ̀ nínú jíjìn. Fún ìgbà tí mónò ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ nǹkan kan ju igbe ilẹ̀ lọ ni Double-D wà. Ẹ fi mónò bẹ̀rẹ̀. Ohun mìíràn tó dùn mọ́ mi nínú mónò ni pé etí rẹ̀ mú létí ike. Nínú igbó, ẹ lè fi ẹ̀gbẹ́ kóìlì tọ́ abẹ́ gbòǹgbò wò, bí ẹni fi ọwọ́ yẹ abẹ́ àga wò, ibi tí wúrà kékeré máa ń dúró sí tí àgbàrá bá gbé e wá.

Kóìlì tó rí bí ẹyin náà dára fún irú iṣẹ́ yìí tó bá kéré, tí kò ju ínṣì 10 sí 12 lọ ní gígùn. Imú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń wọ àárín igi kéékèèké. Èyí tó tóbi tó rí bí ẹyin ń ta yín jẹ pẹ̀lú ìrísí rẹ̀ ni: gígùn rẹ̀ ṣì máa gun orí òkúta. Ẹ tún wo abẹ́ kóìlì. Ọ̀wọ́ kan wà tó ṣí láàárín bí àgbá kẹ̀kẹ́, ó fúyẹ́, àmọ́ gbogbo igi gbígbẹ ló máa ń fà lọ́wọ́. Ní ibi tí igi wà, èyí tó ní ike pẹlẹbẹ lábẹ́ ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ sì fi ìbòrí ike tí òkúta lè máa họ sí i lábẹ́, èyí tó ṣeé pààrọ̀, kí òkúta má bàa họ kóìlì fúnra rẹ̀ yán-ányán-án.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo kò gba àlàyé púpọ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń lé ọ̀pọ̀ padà sílé kí ọ̀sán tó pọ́n. GPX 6000 wọ̀n tó kílò 2.1, ìyẹn ò pọ̀. Àmọ́ orí ọ̀pá ni kóìlì wà, ibi tó jìnnà sí èjìká jù. Gíráàmù 200 tẹ́ ẹ fi kún un níbẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ gíráàmù 200 nínú àpò. Ẹ ó fì í lọ, ẹ ó fì í bọ̀, fún wákàtí márùn-ún, lórí òkè, nínú oòrùn. Apá tó ti rẹ̀ máa ń gbé kóìlì sókè láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀, a sì ti rí ohun tí sẹ̀ǹtímítà 10 ń ṣe.

Wọ́n lè fi ìtàn bá mi jiyàn. Ní 1980, nítòsí Kingower ní Victoria, Kevin Hillier fi ẹ̀rọ awárin rí wóró wúrà tí wọ́n sọ ní Hand of Faith. Ó lé ní kílò 27, ó wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 nínú ilẹ̀, ilé tẹ́tẹ́ Golden Nugget ní Las Vegas ló sì rà á. Ẹ̀ẹ́wò, wọ́n á ní, jíjìn nìyẹn! Àmọ́ ohun tó wúwo tó kílò 27, kóìlì tó bá kéré bí àwo ọbẹ̀ náà á ké lórí rẹ̀. Títóbi wúrà ló jẹ́ kó gbọ́, kì í ṣe títóbi kóìlì. Èyí tó tún tóbi jù ú lọ, Welcome Stranger, tí John Deason àti Richard Oates rí ní Moliagul ní 1869, kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 3 lọ sí ojú ilẹ̀, lẹ́bàá gbòǹgbò igi. Wúrà inú rẹ̀ tó kílò 72. Òṣùwọ̀n tó wà ní Dunolly kò gbà á, alágbẹ̀dẹ ló kọ́kọ́ fọ́ ọ sí mẹ́ta kí wọ́n tó lè wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ awárin ò tíì sí nígbà náà.

Ohun tó yẹ kéèyàn máa rò lónìí ni ohun tó kù. Àwọn awakùsà ti tú ilẹ̀ yìí láti ọdún 1850 ó lé díẹ̀, àwọn ẹlẹ́rọ sì ti rìn ín láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn lọ́nà tó jẹ́ pé ibi tó tẹ́jú ti di ojú ọ̀nà. Ohun tó ṣì wà níbi tó rọrùn láti fì sí, wọ́n ti kó púpọ̀ nínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n ń yẹra fún ni abẹ́ igi tó ti wó, ojú ipa àgbàrá tó há, àárín òkúta, ẹ̀gbẹ́ òkìtì erùpẹ̀ táwọn ará ìjọ́sí dà sílẹ̀. Wúrà kékeré tí kò jìn ló máa ń wà níbẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ àtijọ́ ò lè gbọ́. Tẹ́ ẹ bá gbé kóìlì tí kò lè wọbẹ̀ lọ, ẹ kàn ń tọ ipasẹ̀ ẹlòmíràn ni.

Mi ò sọ pé kóìlì ńlá ò wúlò. Lórí pápá tí wọ́n ti fi katakata tú, lórí ilẹ̀ gbalasa Western Australia, níbi tí kóìlì lè máa fara kan ilẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ó ń bo ilẹ̀ púpọ̀, ó sì ń gbọ́ ohun tó jìn. Ẹni tó bá ti fi kékeré rí wúrà mẹ́ta mẹ́rin lójú kan, tó wá fẹ́ mọ̀ bóyá baba wọn wà nísàlẹ̀, kó gbé ńlá wá. Ohun tí mò ń bá jà ni rírà á ṣáájú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á béèrè bóyá wọ́n lè fi irú ẹ̀rọ yìí ránṣẹ́ sílé, sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Wúrà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ibi ìwakùsà Segilola ní Ọ̀ṣun ti ń mú wúrà jáde láti 2021, àwọn tó ń fọ wúrà lẹ́bàá odò lágbègbè Iléṣà sì ti wà tipẹ́. Àmọ́ wúrà tó ń wá látinú yanrìn odò sábà máa ń kúnná, irú rẹ̀ ò ní dún nínú ẹ̀rọ kankan, ì báà jẹ́ kóìlì kékeré tàbí ńlá. Òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti 2007 sì fi gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀ sábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí láìsí ìwé àṣẹ, wàhálà lẹ fi ránṣẹ́ sí i.

Victoria náà ní òfin tirẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní Miner's Right, ọdún 10 ló ń lò. Dígà àti ṣọ́bìrì lẹ lè fi gbẹ́lẹ̀, kì í ṣe katakata. Kòtò tẹ́ ẹ bá gbẹ́, ẹ dí i padà. Ilẹ̀ onílẹ̀, ẹ tọrọ àyè. Àwọn ọgbà ìjọba kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ wọ̀ rárá. Apá tó pọ̀ nínú agbègbè náà jẹ́ ilẹ̀ àwọn Dja Dja Wurrung, ìjọba Victoria sì ti tọwọ́ bọ àdéhùn pẹ̀lú wọn lórí ẹ̀ ní 2013. Ẹ má fọwọ́ kan ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wọn tẹ́ ẹ bá rí i. Kòtò àwọn awakùsà àtijọ́ ṣì la ẹnu sílẹ̀ nínú igbó, koríko sì lè bò ó. Ẹni tó fi nǹkan dí etí méjèèjì, tó tẹjú mọ́ kóìlì, kò ní gbọ́ ejò, kò sì ní rí kòtò. Ẹ ṣí etí kan sílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ ra kóìlì, ẹ rí i dájú pé ẹ̀rọ yín gan-an ni wọ́n ṣe é fún, torí ti ẹ̀rọ kan kì í sábà bá òmíràn mu, kódà bí ilé iṣẹ́ kan náà bá ló ṣe wọ́n. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ń fi ẹ̀rọ háyà. Ẹ háyà fún ọjọ́ méjì kẹ́ ẹ tó ná ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Ẹ mú ègé òjé kékeré kan, tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, ẹ bò ó mọ́ erùpẹ̀ láàárín òkúta níbi tí òfin gbà yín láyè, kì í ṣe nínú ọgbà tó tẹ́jú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi kékeré fì í kọjá, kẹ́ ẹ tún fi ńlá fì í kọjá, kẹ́ ẹ sì gbọ́ fúnra yín. Kẹ́ ẹ wá mọ̀ọ́mọ̀ fi kóìlì gbá òkúta: èyí tó bá ń dún nígbà tí kò sí irin kankan nítòsí, ẹ dá a padà. Tí ẹni tó ń tà á ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ dán an wò báyìí, ṣọ́ọ̀bù mìíràn wà nílùú kejì.